Ojú Tí Kò Mọ Ẹkún

Ẹ sún mọ́ iná, ẹ̀yin ọmọ èbúté. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àkàsọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀, omi ti fà sẹ́yìn lónìí, kò ní í bá wa jẹun. Ẹ gbé àwo yín dání, àmọ́ ẹ má tíì nà án o. Ìkókoré kì í tìtorí pé ọmọdé ń wò ó kó tètè jinná. Àti ìyá tó ń rò ó lórí iná lọ́hùn-ún yẹn, ẹ yé tẹjú mọ́ wọn. Kí ẹ tó fọ àwo, ẹ ó ti mọ ohun tó ṣe ojú wọn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá orin, kí ẹ bá mi gbè é:

Ojú ń hunjọ, ẹ jẹ́ ó hunjọ,
Aṣọ tí a fi sùn ló ń hunjọ.
Èyí tó wà nínú àpótí,
Kòkòrò ló ń jẹ ẹ́.

Háà! Ẹ ń fi ẹnu ẹni tí ebi ń pa gbè é. Kò burú, a ó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Inú ọkọ̀ ojú omi ni a wà láàárọ̀ ọjọ́ kan, èmi Àyọ̀ká àti ẹ̀gbọ́n mi Àwẹ̀ró, ọkọ̀ ńlá tí kò ní awakọ̀, tí ń fi oòrùn sáré láàárín àwọn òrùlé tí ọ̀sà ti gbé mì. Ilé Ojú ló ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n mi, ilé-iṣẹ́ tó ni gbogbo eré tí ẹ ń wò lára ògiri. Ìgbà iṣẹ́ abẹ ojú wọn tún ti pé. Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, wọ́n sì ti jókòó sórí àga iwájú, lábẹ́ ìbòòji. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ ni Eṣinṣin Ìjọba, ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣọ́ wa níbi gbogbo, fò dé. Ó tan iná aláwọ̀ ewé rẹ̀ sí mi lójú, ó ka ìlà iwájú orí mi, ó ka abẹ́ ojú, ó ka ọrùn.

"Àgbà wọlé," ó ní, ohùn rẹ̀ ń dùn bí oyin. "Ẹ kú ìrìn, ìyá wa. Ẹ wá jókòó sórí àga yín."

Ó wá yí iná sí ẹ̀gbọ́n mi, oyin sì tán lẹ́nu rẹ̀. "Ìwọ ọmọbìnrin. Dìde fún àgbà."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n mí! Ẹ̀gbọ́n tó fi ẹnu fa ikun nímú mi nígbà tí n kò lè mí! Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ojú tó wà lọ́rùn wọn sì ń dán bí ìkòkò tí a kò tíì gbé kaná. Ojú ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jọ fún mọ́ra lórí àga náà."

"Jókòó jàre, ìyá àgbà," wọ́n dá mi lóhùn. Wọn kì í pè mí bẹ́ẹ̀ àfi tí inú bá ń bí wọn. "Ṣé o fẹ́ kí ọkọ̀ dúró sójú kan ni? Ọkọ̀ yìí kì í ṣí tí ọmọdé bá wà lórí àga tí àgbà wà lóròó."

Mo jókòó. Ọkọ̀ ṣí.

Ẹ má bú àwọn tó ṣe Eṣinṣin o, ọmọ wa ni wọ́n. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó wá láti ìlú òkèèrè tẹ́lẹ̀ kò mọ àgbà, kò mọ èwe, ńṣe ló ń pàṣẹ fún baba arúgbó bí ẹni ń pàṣẹ fún ajá. Ni àwọn ọmọ wa bá ní àwọn yóò ṣe èyí tó ní ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n kọ́ ọ ní ìkíni, wọ́n kọ́ ọ ní ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó àti ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ bu oúnjẹ. Ohun tí wọn kò kọ́ ọ ni kó máa béèrè. Ojú ló ń wò. Bí ojú bá ti hunjọ, àgbà ni. Bí ó bá dán, ọmọdé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gbẹ̀bí ìyá ẹni tó hunjọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó fara ti irin ọkọ̀ ń wo ẹ̀gbọ́n mi láti òkè délẹ̀. Ó sún mọ́ wọn, ó rẹ́rìn-ín. "Arẹwà, ta ló ń dúró dè ọ́ ní èbúté?"

"Baba ńlá rẹ ti béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi rí," ni ẹ̀gbọ́n mi fi dá a lóhùn. "Mo ní kó kọ́kọ́ lọ wẹ̀."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, mo rín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò rín. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́. Iṣẹ́ abẹ ti gé okùn ẹ̀rín kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́ wọn, ó ti pẹ́. Ohùn wọn nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì rò pé ẹnikẹ́ni ló fipá mú wọn níbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn dígí bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn àkàrà gbígbóná. Nígbà tí wọ́n wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí gbogbo ìlú ń pariwo orúkọ wọn, Ilé Ojú ní kí wọ́n wá fi ojú wọn sílẹ̀ ní àkọsílẹ̀. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé ojú náà kò gbọ́dọ̀ yí mọ́. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òtítọ́, wọn yóò wá dùbúlẹ̀ kí a gé òtítọ́ kúrò. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ ìka. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn máa ń fi àwọn òṣèré tó fi ojú wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ orí ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Wọ́n á ní, "Ẹ wo Ìyá Àgbàdo, ojú rẹ̀ ti di èèpo!" A ó rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, ìyàwó tuntun ni wọ́n ń ṣe nínú eré. Ìyàwó ọba, ìyàwó ajagun, ìyàwó ẹni tó ń gbé orí òṣùpá. Ẹ gbọ́ orin tí wọ́n máa ń kọ:

Mo ń relé ọkọ, n kò dé bẹ̀,
Mo wọṣọ funfun, n kò bọ́ ọ.
Ìyá ń pè mí, ọmọ ń pè mí,
N kò mọ èwo ni mo máa dá lóhùn.

Àwọn ènìyàn rò pé orin ayọ̀ ni. Wọ́n ń jó o níbi ìgbéyàwó.

A dé Ilé Ojú. Dígí ni gbogbo rẹ̀, ó dúró lórí ẹsẹ̀ irin gíga lórí omi. Láníyọnu, ọ̀gá ibẹ̀, ló jáde wá pàdé wa. Ìyá Láníyọnu bá wa ṣe eré rí, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n mi ni ọmọ náà sì tọ̀ sí jù láyé. Òun náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hu irùngbọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja, torí pé Eṣinṣin ibẹ̀ ń wò. Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

"Àwẹ̀ró, o ti dé? Jókòó síbẹ̀ yẹn." Ó dúró kí Eṣinṣin fò kọjá, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má bínú. Ẹ mọ bó ṣe rí."

"Mo mọ bó ṣe rí," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Láníyọnu, n kò wá dùbúlẹ̀ lónìí. Iṣẹ́ ni mo wá tọrọ."

"Iṣẹ́ wo? Ìyàwó wà nílẹ̀, a ti kọ ọ́ tán."

"Mi ò fẹ́ ìyàwó. Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ ṣe eré ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kú. Èmi ni kí ẹ fún."

Láníyọnu wo ilẹ̀. Dókítà tó wà níbẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ aṣọ funfun, wo àwọn irin rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Bánjókòó, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kú nígbà òjò tó ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ ìsìnkú yẹn kí n tó gbàgbé, bí ẹni pé mo lè gbàgbé. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé òbí kì í rí sàréè ọmọ. Inú yàrá ni à ń pa ìyá mọ́, àwọn obìnrin á yí i ká, wọ́n á dì í mú títí wọn yóò fi bo ilẹ̀ tán. Èmi wà nínú yàrá náà. Mo ti tẹ́ ẹní. Mò ń retí kí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n mi wá kí n dì wọ́n mú. Mo retí, mo retí. Àṣé Eṣinṣin itẹ́ òkú ti wo ojú wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ọmọ olóògbé, bọ́ sórí ìlà." Wọ́n ní, "Èmi ni ìyá rẹ̀." Ó ní, "Ojú rẹ kéré sí ti olóògbé. Má ṣe purọ́ níbi òkú." Ó tò wọ́n sáàárín àwọn ọmọ Bánjókòó, sáàárín àwọn ọmọ ọmọ wọn. Ẹnubodè kì í sì í ṣí fún ọmọ tí kò bá ju erùpẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bu erùpẹ̀. Wọ́n jù ú lé ọmọ wọn lórí.

Àwọn ènìyàn wo ojú wọn, wọn kò rí omi kankan níbẹ̀. Obìnrin kan sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Èwo nínú àwọn ọmọ òkú nìyẹn, tí ojú rẹ̀ gbẹ tó bẹ́ẹ̀?"

Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ó dáa. Láníyọnu ní, "Màmá, mo mọ ohun tó ń ṣe yín. Àmọ́ òjìji yín, àwòrán tí ẹ̀rọ fi ojú yín ṣe, ni yóò ṣe ìyá yẹn. Ẹ̀yin ẹ jẹ́ kí dókítà tún ojú ṣe bó ṣe wà ní àkọsílẹ̀, ẹ̀rọ yóò wá fi ìmọ́lẹ̀ ya ọjọ́ ogbó lé e lórí. Orúkọ yín náà ni yóò wà lára rẹ̀."

"Dúró ná. Ẹ fẹ́ gé ogbó tó jẹ́ tèmi dànù, kí ẹ lè ya ogbó míì lé mi lójú?"

"Èyí tí a máa yà dára jù, màmá. Àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn ogbó tó rí játijàti."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde dúró láàárín yàrá. "Fi mí wò. Ní kí n sunkún."

Láníyọnu jókòó. "Ó dáa, ẹ sunkún kí n rí i."

Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò ní í gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi mú mí ní ọwọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bánjókòó. Wọ́n pè é ní oríkì rẹ̀, wọ́n sọ bó ṣe kọ́kọ́ rìn, bó ṣe máa ń jí èèpá ẹ̀kọ jẹ. Ohùn wọn ń ya bí aṣọ. Èmi ti ń sunkún. Ṣùgbọ́n ojú wọn! Ojú náà dúró lórí ọrùn bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ilé. Ó lẹ́wà. Kò mira. Kò sí omi.

Láníyọnu gbọn orí. "Ẹ ò rí i? Ohùn wà níbẹ̀, ojú kò sí." Ó na ìka sí ògiri. "Ẹ wo òjìji yín tí a ti fi dán an wò."

Ògiri tàn. Ẹ̀dà ẹ̀gbọ́n mi jáde sára rẹ̀, ìlà wà níwájú orí, ìlà wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ewú rọra funfun bí òwú. Ó ní, "Ọmọ mi ọ̀kan," ètè rẹ̀ gbọ̀n, omijé kan ṣoṣo sì yọ́ jáde, ó tọ ipa ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí dé àgbọ̀n. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni ó fi sọ ọ́. Láníyọnu fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Dókítà fun imú.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo Láníyọnu. "O sunkún fún un."

"Màmá, ta ni kò ní í sunkún?"

"Èmi ni ọmọ mi kú."

Òjìji ṣì ń sunkún lára ògiri, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún un pé kó dákẹ́.

Dókítà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà o. "Ìyá, mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín. Tí ẹ bá dá iṣẹ́ abẹ yìí dúró, ojú yín kò ní í gbó bíi ti àbúrò yín. Ó ti pẹ́ jù fún ìyẹn. Ńṣe ni yóò wó bí ògiri amọ̀ nígbà òjò, ẹ̀gbẹ́ kan á ṣáájú ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ kò ní í jọ ọmọdé, ẹ kò sì ní í jọ àgbà."

"Omijé ńkọ́? Ṣé yóò padà?"

"Rárá, ìyá. A ti gé ibi tó ń gbà jáde."

Láníyọnu ní, "Ẹ ò rí i? Ẹ kò ní í rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yóò sì gba orúkọ yín fún òjìji, ẹ kò ní í ṣe eré mọ́ láéláé. Eré tí ẹ ti ń ṣe láti kékeré! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dùbúlẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ibùsùn iṣẹ́ abẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà. Mo mọ̀ wọ́n. Ẹ má rò pé wọn kò fẹ́ dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn ti lọ síbẹ̀ díẹ̀. Eré ni ẹ̀mí wọn. Bí wọ́n bá ń sùn, ẹnu wọn á ṣì máa ka ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n fọwọ́ kan irọ̀rí. Wọ́n gbé ojú sókè wo òjìji lára ògiri, ó pẹ́.

Wọ́n ní, "Ó mọ eré ṣe. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe é."

"Màmá, ojú yín á wó!"

"Kó wó. Ilé tí a kò gbé kì í ní àlàpà tó ń dun ni. Bí tèmi bá wó, ẹ ó mọ̀ pé ẹnìkan gbé ibẹ̀ rí." Wọ́n yí sí mi. "Àyọ̀ká, gbé gèlè mi, ká máa lọ."

Bẹ́ẹ̀ ni Eṣinṣin fò wọlé, ó ní, "Láti òní, Àwẹ̀ró ni orúkọ òjìji. Ìwọ ọmọbìnrin, o kò ní orúkọ eré mọ́. Ó dàbọ̀." Láníyọnu kò lè wo ojú wa. Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún mi.

Nígbà tí a máa padà, ọkọ̀ ti kún. Ọ̀sán ti ń rọ̀, àwọn ènìyàn ń ti iṣẹ́ bọ̀, òórùn oúnjẹ ń jáde láti àwọn ilé orí omi. Ó ti rẹ ẹ̀gbọ́n mi tẹnutẹnu. Wọ́n jókòó sórí àga ìbòòji náà láìronú. Mo wọlé tẹ̀lé wọn.

"Ìwọ ọmọbìnrin. Dìde fún àgbà."

Wọ́n di irin mú kí wọ́n lè dìde. Mo ní láyé, lọ́run, ó tó. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, sórí ilẹ̀ ọkọ̀ tó tutù, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n mí."

Eṣinṣin pariwo. "Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé! Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé!" Ọkọ̀ kú sójú kan.

Mo rò pé àwọn ènìyàn yóò béèrè ohun tó fà á. Ọmọ Yorùbá ni wọ́n kúkú, wọ́n mọ ẹni tí à ń kúnlẹ̀ fún.

"Ìyá, ẹ dìde o, ọmọ mi kò tíì mu ọmú láti àárọ̀!"

"Kí ló ń ṣe ìyá yìí? Ọbẹ̀ mi wà lórí iná!"

"Ẹ bi ọmọbìnrin yẹn! Ìwọ náà ń wo àgbà lórí ìkúnlẹ̀? Àwọn ọmọ ìsinsìnyí! Kò ní í dáa fún ọ!"

Ẹni tó ṣépè yẹn kò tó ọmọ tí ẹ̀gbọ́n mi lè bí. Mo fẹ́ fún un lésì, ẹ̀gbọ́n mi sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ẹnu sí mi létí.

"Àyọ̀ká."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta ni àgbà nínú èmi àti ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Tí àgbà bá rán ọmọdé níṣẹ́ ńkọ́?"

"Yóò jẹ́ ẹ."

"Dìde. Lọ jókòó sórí àga yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Mo ní kí o jókòó. Ebi ń pa àwọn ènìyàn."

Mo dìde, mo jókòó. N kò bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì jókòó sórí àga tó korò tó bẹ́ẹ̀ rí. Eṣinṣin rọ ohùn, ó sọ fún wọn pé, "O ṣeun, ọmọ dáadáa." Ọkọ̀ ṣí. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú oòrùn títí a fi délé.

Gbogbo èrò ọkọ̀ délé, wọ́n jẹun, wọ́n yó. Nígbà tí eré náà jáde, wọ́n wo òjìji lára ògiri wọn, wọ́n sunkún, wọ́n ní, "Àwẹ̀ró yìí mà mọ eré ṣe o!"

Ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń ro ìkókoré lọ́hùn-ún. Ẹ wò wọ́n dáadáa báyìí, mo ti gbà yín láyè. Apá òsì ló kọ́kọ́ wó, bí dókítà ṣe wí. Ọ̀tún tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá wọ ọkọ̀, Eṣinṣin á fò yí wọn ká, á tan iná, á pa á, kò mọ ohun tó máa pè wọ́n, á fò lọ láìsọ̀rọ̀. Wọ́n á jókòó síbi tó wù wọ́n. Èmi á dúró tì wọ́n, kò sì sẹ́ni tó lé wa.

Ìwọ, má sọ pé o rí i tí wọ́n ń sunkún. Wọn kò sunkún. Ooru ìkòkò ni, tó ń rọ̀ sí wọn lójú tó ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀ tí wọ́n bá ti ń rò ó. Aṣọ ìnujú wà léjìká wọn. Wọn kì í nù ún.

Ó ti jinná. Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ bu tiwọn. Ó tán. Èmi ló kàn. Ẹ wá na àwo yín wàyí, ẹni tó bá dàgbà kó ṣáájú, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín, ẹ má wo ojú. Ẹ jẹ ẹja ibẹ̀, ó pọ̀. Ṣé ó dùn? Ṣé ó kárí? Ẹ máa gbè é lọ sílé nígbà náà, kí ikùn yín tó ti kún bá mi gbè é dáadáa:

Ojú ń hunjọ, ẹ jẹ́ ó hunjọ...